Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Ìrìn-àjò Ojú Títì, Ihò Àpáta àti Àwọn Ohun Àrà Ẹ̀bá Ọ̀nà ní Amẹ́ríkà

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí nípa ìrìn-àjò ojú títì pọ̀ débi pé a pinnu láti fi gbogbo àyè yìí dá wọn lóhùn. A gé àwọn tó gùn kúrú, a sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Atlanta ni èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta ń gbé. Nígbà ìsinmi àwọn ọmọ, a fẹ́ fi ọjọ́ márùn-ún wa mọ́tò lọ sí Louisville ní ìpínlẹ̀ Kentucky kí a sì padà, kí a máa wọ ihò àpáta lọ́nà, kí a sì máa yà wo àwọn ohun àrà tí wọ́n ń gbé sí ẹ̀bá títì. Mo ti kọ ibi mẹ́rìndínlógún sílẹ̀. Ìyàwó mi ní kì í ṣe ìsinmi ni mo ń gbèrò, ó ní iṣẹ́ àṣelàágùn ni mo fẹ́ kó wọn lọ ṣe. Báwo ni kí a ṣe tò ó?

Èsì: Ìyàwó yín ni mo gbè. Bí ẹ bá fi ibi mẹ́rìndínlógún há ọjọ́ márùn-ún, inú mọ́tò ni àwọn ọmọ yóò ti máa jẹun, ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti máa sùn, ẹ̀yìn àga iwájú ni wọn yóò sì rántí jù lọ nígbà tí wọ́n bá délé. Ẹ mú ihò méjì péré, kí ẹ fi ohun ẹ̀bá ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún sí àárín wọn. Ìyẹn tó ìrìn-àjò, ó sì kù.

Ọ̀nà tí ẹ yàn dára púpọ̀. Láti Atlanta, gba Chattanooga àti Nashville kọjá, dé Louisville jẹ́ nǹkan bíi máìlì 420, òkúta ẹfun ló sì wà lábẹ́ ilẹ̀ ní apá tó pọ̀ níbẹ̀. Omi òjò tó bá gba àárín ewé jíjẹrà wọnú ilẹ̀ a máa di kíkan díẹ̀, kíkan náà ló sì ń jẹ òkúta ẹfun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún, títí ihò yóò fi lu nínú rẹ̀, tí ihò yóò sì so mọ́ ihò. Nítorí náà, bí ẹ ti ń wa mọ́tò lọ lókè, àwọn ọ̀nà mìíràn wà nísàlẹ̀ tó ṣókùnkùn biribiri, tí omi là.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ihò ló ní àkókò, ẹ̀bá ọ̀nà kò ní. Àwọn ère àti ilé àrà yóò dúró dè yín di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n amọ̀nà tó ń kó èrò wọ ihò kò ní dúró. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ihò méjèèjì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó san owó hòtẹ́ẹ̀lì kankan, kí gbogbo ohun yòókù wá máa rọ̀ mọ́ aago tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Ní àkókò ìsinmi ọmọ ilé-ìwé, tíkẹ́ẹ̀tì Mammoth Cave, ihò ńlá tí ẹ ó wọ̀ ní ọjọ́ kẹta, a máa tán kí ọjọ́ tó pé.

Ní ọjọ́ kìíní, ẹ má ṣe ju Chattanooga lọ, tí kò ju nǹkan bíi máìlì 120 lọ sí Atlanta. Kí àwọn ọmọ máa ṣọ́ òrùlé àwọn abà àgbẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, bóyá wọn yóò rí èyí tí wọ́n kọ “See Rock City” sí gàdàgbà, ìyẹn ni pé kí èrò wá wo Rock City, ọgbà àpáta kan lẹ́bàá Chattanooga. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Clark Byers ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wọ́n ní àwọn ọdún 1930, nǹkan bíi 900 abà ló sì kùn kí ó tó fẹ̀yìn tì. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà, ọmọ tó bá sì kọ́kọ́ rí ọ̀kan yóò pariwo ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lọ́sàn-án, ẹ wọ Ruby Falls. Ní 1928, Leo Lambert ń lu ihò wọ òkè lọ kí ó lè gbé ẹ̀rọ agbénigòkè sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò mìíràn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ni irin bá já sí àlàfo tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà. Ó rá kòrò wọ ibẹ̀, ó sì bá ìṣàn omi tó ń já láti òkè nínú òkùnkùn, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 145. Orúkọ Ruby, ìyàwó rẹ̀, ló fi sọ omi náà.

Ẹ ṣọ́ aago o. Ti Atlanta àti ti Chattanooga bára mu, ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé Nashville, aago yóò ti padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Aago Nashville ni Mammoth Cave ń lò, àmọ́ ti Atlanta ni Louisville ń lò. Nígbà tí èmi kọ́kọ́ gba ọ̀nà náà, mo kúrò lẹ́bàá ihò ní agogo mẹ́ta, mo ní n ó dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Louisville ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn ní márùn-ún. Agogo márùn-ún ààbọ̀ ni mo débẹ̀ ní aago tiwọn, ọlọ́dẹ sì ti ń yí kọ́kọ́rọ́. Àwọn ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun alẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ yà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mọ́tò Corvette ní Bowling Green, kódà bí ẹ kò bá fẹ́ràn mọ́tò. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2014, nígbà tí ènìyàn kankan kò sí nínú yàrá náà, ilẹ̀ jìn, ó sì gbé mọ́tò mẹ́jọ mì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ihò òkúta ẹfun wà lábẹ́ ilé tí òrùlé rẹ̀ kò lè gbé ẹrù mọ́. Wọ́n tún mẹ́ta ṣe, wọ́n sì fi márùn-ún yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe fà wọ́n jáde, pẹ̀lú ara wọn tó ti rún. Ọmọ tó bá wo irin tó ká kò bẹ́ẹ̀ kò tún nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un pé ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ ní àgbègbè yìí kì í ṣe odidi. Kí ẹ sun Cave City mọ́jú. Bí àyè bá wà, ẹ gba yàrá ní Wigwam Village, tí wọ́n kọ́ ní 1937: ilé kọnkéré mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó rí ṣóńṣó bí àgọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tí ènìyàn ń sùn sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ fi ọjọ́ kẹta fún Mammoth Cave nìkan. Òun ni ihò tó gùn jù lọ tí a mọ̀ láyé. Ọ̀nà inú rẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n ti ju máìlì 420 lọ, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọ̀nà tí ẹ fẹ́ wà láti Atlanta dé Louisville, tí a wá ká jọ sábẹ́ ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ooru ìta ìbáà pọ̀ tó kí ó máa yọ́ ọ̀dà, inú ihò kì í ju nǹkan bíi ìwọ̀n 54 Fahrenheit lọ, nítorí náà kí olúkúlùkù mú súwẹ́tà dání. Ẹ má ṣe wọ bàtà tàbí aṣọ tí ẹ wọ̀ dé Ruby Falls wọ ibẹ̀, ẹ kó òmíràn dání. Àrùn kan wà tó ń pa àdán ní Amẹ́ríkà láti nǹkan bíi 2006, ó sì ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye wọn. Ohun funfun kan a máa hù sí wọn nímú, bí èyí tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó bá bu, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n sùn já ìgbà òtútù. Kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n bàtà ènìyàn lè gbé e láti ihò kan dé òmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọn yóò fi ní kí ẹ rìn lórí ẹní tí wọ́n fi omi ọṣẹ rin bí ẹ bá ti jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rìn ín dáadáa.

Ọjọ́ kẹrin ni ti Louisville, ìrìn wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ ó rí igi ìgbábọ́ọ̀lù baseball onírin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 120, tó fara ti ilé bí ẹni pé òmìrán kan gbé e síbẹ̀. Kí ẹ tètè sùn, nítorí ọjọ́ karùn-ún ni ẹ ó wa gbogbo rẹ̀ padà.

Ìbéèrè: Màmá mi, ẹni ọdún 74, ń bọ̀ wá kí wa ní Dallas. Wọ́n fẹ́ràn ìrìn-àjò gan-an, ṣùgbọ́n orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn. Ọkọ mi ní kí á yọ ihò kúrò nínú ètò wa. Ṣé kò sí èyí tí wọ́n lè wọ̀?

Èsì: Ó wà, ẹ má ṣe yọ ọ́. Ẹ gbé Màmá lọ sí Fantastic Caverns lẹ́bàá Springfield ní ìpínlẹ̀ Missouri. Mọ́tò jíìpù ló ń fa kẹ̀kẹ́ onísíìtì wọ inú ihò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí àtẹ̀gùn kankan, Màmá yóò sì jókòó ti yín bí ẹni pé inú ọkọ̀ èrò ni wọ́n wà. Ìtàn ibẹ̀ gan-an yóò dùn mọ́ wọn. Ní 1862, ajá John Knox, àgbẹ̀ kan, ló wọ inú ihò náà, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, àgbẹ̀ náà kò sì fẹ́ kí ọmọ ogun kankan gba ilẹ̀ òun, ó bá panu mọ́. Nígbà tí ogun parí, ó fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá ẹni tí yóò wo inú rẹ̀ dé òpin. Obìnrin méjìlá ló jẹ́ ìpè náà ní 1867, wọ́n kọ orúkọ wọn sára ògiri ihò, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ ní kí awakọ̀ náà tan iná sí i kí Màmá lè rí i dáadáa.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Oklahoma lọ, ẹ ó kọjá lẹ́bàá Catoosa, níbi tí ère àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù kan wà lórí adágún omi kékeré. Mo sọ ìtàn rẹ̀ nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ lè gbé wọn lọ sí Carlsbad Caverns ní New Mexico, níbi tí ẹ̀rọ agbénigòkè ti ń sọ ènìyàn kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 754, tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara sì lè yí ní apá kan gbàgede ńlá inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ gbéra bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, nítorí pé bí ó bá bàjẹ́, ẹsẹ̀ nìkan ló kù, Màmá kò sì lè fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ agbénigòkè tó wà ní Ruby Falls tàn yín jẹ: ó ń sọ ènìyàn kalẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrìn ẹsẹ̀ ló tẹ̀ lé e títí dé ìdí omi.

Ìbéèrè: Ibi híhá máa ń dẹ́rù bà mí, àyà mi a máa já. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ni kí n ṣe?

Èsì: Ẹ béèrè orúkọ ìrìn inú ihò tí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, nítorí pé ihò kan náà lè ní ọ̀nà gbalasa àti ọ̀nà tó fún mọ́ra. Ní Mammoth Cave, Historic Tour gba ibi kan tí wọ́n ń pè ní Fat Man’s Misery, níbi tí àpáta ti fún ènìyàn ní ìbàdí, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ nínú ọ̀nà náà tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹ sọ fún amọ̀nà kí ẹ tó wọlé, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti dé àárín. Kí ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ amọ̀nà a máa pa gbogbo iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí èrò lè mọ òkùnkùn tòótọ́. Ẹ di ọ̀rẹ́ yín kan lọ́wọ́ mú nígbà náà, kí ẹ sì máa mí jẹ́jẹ́. Bí ọkàn yín kò bá gbà, ẹ dúró níta. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin ń dà mí láàmú pé kí á yà ní Amarillo wo mọ́tò tí wọ́n rì mọ́ oko. N kò rí ìwúlò rẹ̀. Ihò àpáta, iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ṣé àwọn nǹkan ẹ̀bá títì wọ̀nyí kì í ṣe ìfàkókòṣòfò?

Èsì: Bàbá, mo mọ ohun tí ẹ ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín fún ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí Route 66, títì gígùn tó gba Amarillo kọjá, ní 1926, títì náà gba iwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé oúnjẹ, ilé epo àti ihò àpáta kọjá, gbogbo wọn ló sì ń wá bí awakọ̀ tó ń sáré kọjá yóò ṣe tẹ bíréèkì. Ìyẹn ló bí àwọn ohun àrà náà. Ihò gan-an kò yọ sílẹ̀: Lester Dill, tó ṣí Meramec Caverns fún èrò ní àwọn ọdún 1930, kùn orúkọ ihò rẹ̀ sórí òrùlé abà kiri, nígbà tí èrò bá sì wà nínú ihò, yóò ní kí àwọn ọmọdékùnrin so pátákó kékeré mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò wọn níta. Bí àlejò ṣe ń wa mọ́tò lọ sílé ló ń bá a polówó. Nígbà tí ìjọba yọ Route 66 kúrò nínú ètò ọ̀nà ní 1985, àwọn ọ̀nà márosẹ̀ tuntun ti gba èrò lọ, ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké sì ti kú. Nínú àwọn tó kù, ohun àrà tí ẹnì kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ló ṣì ń mú àlejò yà níbẹ̀.

Ti Catoosa ló wù mí jù. Ìyàwó Hugh Davis, tó ń jẹ́ Zelta, a máa kó ère àbùùbùtán kéékèèké jọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í po símẹ́ńtì, ó ń tẹ irin, ó ń kọ́ nǹkan kan sétí adágún omi wọn, títí ó fi di àbùùbùtán búlúù tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 80, tó la ẹnu sílẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ó sì fi ta ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ fún àyájọ́ ìgbéyàwó wọn. Ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ báyìí, àwọn ọmọ ṣì ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé.

Ní ti Amarillo, mọ́tò Cadillac mẹ́wàá ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ní 1974, imú nísàlẹ̀, ìdí lókè. Wọ́n gba èrò láàyè láti fín ọ̀dà sí i lára, ọ̀dà náà sì ti nípọn lórí ara wọn débi pé ẹ kò lè rí irin mọ́. Bí ẹ bá rí èyí tó ṣí kúrò, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí àwọ̀ lórí àwọ̀ bí ojú ewé ìwé. Ẹ kó agolo ọ̀dà yín padà lọ. Kò ní gbà yín ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ọmọ yín yóò sì rántí ẹni tó yà fún un.

Ìbéèrè: Amọ̀nà kan jágbe mọ́ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nítorí pé ó fọwọ́ kan òkúta tó rọ̀ láti òkè ihò. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

Èsì: Kò yẹ kí ó jágbe mọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n ohun tó ń dáàbò bò tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá tún wọ ihò, ẹ wo ṣóńṣó òkúta bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí ẹ̀kán omi kan tó dúró sí i lórí, tó ń tàn. Kí ó tó kán, ó ti fi ohun funfun tí kò tó nǹkan sílẹ̀ sí etí òkúta, bí èyí tó máa ń kù nínú kẹ́tùlù tí a ti se omi pẹ́. Ìyẹn ló ń di òkúta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Òróró ara ìka wa a máa lẹ̀ mọ́ ọn, omi kò ní lè fi nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́, òkúta náà yóò sì dúdú. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1988 sì wà lórí àwọn ihò tó wà lórí ilẹ̀ ìjọba: ẹni tó bá ṣẹ́ òkúta inú wọn lè fẹ̀wọ̀n jura. Ẹ fi ẹ̀kán omi yẹn han ọmọ yín, kí ó dúró wò ó títí yóò fi kán. Ó dá mi lójú pé kò ní fọwọ́ kàn án mọ́.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé ẹrú aláwọ̀ dúdú ló rí ọ̀pọ̀ nínú Mammoth Cave. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ohun kan wà níbẹ̀ tí mo lè fi han àwọn ọmọ mi?

Èsì: Òótọ́ ni, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè. Stephen Bishop ni orúkọ rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ mú un débẹ̀ ní 1838 láti máa mú àlejò wọ ihò. Ọ̀gbun kan wà tí wọ́n ń pè ní Bottomless Pit, ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń padà sẹ́yìn. Lọ́dún yẹn kan náà, Stephen gbé àkàbà lé orí rẹ̀, ó sì rá kọjá pẹ̀lú fìtílà, ihò náà sì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, máìlì lórí máìlì tí ẹnikẹ́ni ní àkókò rẹ̀ kò mọ̀. Ó bá ẹja tí kò ní ojú nínú odò abẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n ta ihò náà fún dókítà kan, John Croghan, wọ́n ta Stephen mọ́ ọn. Ní 1842, dókítà náà mú un lọ sí ilé àwọn ẹbí rẹ̀, Locust Grove, ní Louisville, níbẹ̀ ni Stephen sì ti ya àwòrán gbogbo ọ̀nà inú ihò láti orí wá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1845 pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀, ohun tó ṣọ̀wọ́n fún ẹni tí òfin kà sí ohun ìní. Locust Grove ṣì wà fún àlejò láti wò, kí bàbá Atlanta tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Mammoth Cave, bí ẹ bá gba Historic Tour, ẹ ó rìn kọjá lórí Bottomless Pit, irin ni afárá rẹ̀ báyìí. Kí ẹ dúró, kí àwọn ọmọ wo ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì fojú inú wo àkàbà. Lẹ́yìn tí ẹ bá jáde, ẹ gba Heritage Trail, ìrìn díẹ̀ ni láti ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò, ẹ ó sì dé ibi tí wọ́n sin àwọn amọ̀nà àtijọ́ sí. Stephen gba òmìnira ní 1856, ó sì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Kò sí òkúta tó ní orúkọ lórí sàréè rẹ̀ títí di 1881, tí olówó kan láti Pittsburgh fi ọ̀kan ránṣẹ́. Ẹ ní kí àwọn ọmọ ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè: wọ́n pè é ní amọ̀nà àkọ́kọ́ àti olùṣàwárí Mammoth Cave, wọ́n sì kọ ọ́ pé 1859 ló kú. Ẹ sọ fún wọn pé 1857 ni.